Kí ló dé tí gọ́ọ̀mù fi ń funfun lábẹ́ gíláàsì?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ mòsáíìkì kan. Mo ń lẹ ègé gíláàsì aláràbarà mọ́ ojú gíláàsì fèrèsé àtijọ́, kí n lè gbé e kọ́ síbi tí oòrùn á ti máa tàn gbà á kọjá. Gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó máa ń mọ́ gaara bó bá gbẹ ni mo lò. Lórí tábìlì, ó rẹwà débi pé mo ń ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí mo lẹ ègé tó kẹ́yìn, mo fi grout dí àwọn àlàfo rẹ̀. Kò pẹ́ tí abẹ́ àwọn ègé fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí wàrà, méjì nínú wọn ṣí kúrò, nígbà tí mo sì gbé e sójú fèrèsé, ó ṣú. Ẹnì kan ní silicone ni ǹ bá ti lò, òmíràn ní epoxy ni. Gọ́ọ̀mù wo gan-an ló dáa jù? Ṣé iṣẹ́ yìí ti bàjẹ́ nìyẹn?”

Ẹ kú ìrọ́jú. Oṣù mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó lè fi yín lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀: funfun tí ẹ rí yẹn lè má jẹ́ ìbàjẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi lásán. Ẹ má tíì fi ọ̀bẹ kàn án. Ohun mẹ́ta ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ sì dì wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ẹyọ kan ni: gọ́ọ̀mù tó funfun, ègé tó ṣí, àti àwọ̀ tó ṣú. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹ̀kẹta ò bá wọn tan rárá. Gọ́ọ̀mù kọ́ ló ṣe é, ká tiẹ̀ ní èyí tó wọ́n jù láyé lẹ lò, yóò ṣú náà ni.

Ìbéèrè “èwo ló dáa jù” yìí, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tí kì í bi í, èmi náà bi í nígbà tèmi. Ohun tó yẹ ká máa bi gọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni pé, kí lo nílò kí o tó lè le? Gọ́ọ̀mù funfun, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń lò, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi yẹn sì gbọ́dọ̀ jáde kó tó lè di nǹkan mú. Bó bá jẹ́ pákó ni, pákó á mu omi náà. Bó bá jẹ́ bébà ni, bébà á mu ún. Gíláàsì kì í mu omi. Ẹ wá ti gọ́ọ̀mù há àárín gíláàsì méjì, omi inú rẹ̀ kò rí òkè gbà, kò rí ìsàlẹ̀ gbà, àfi etí nìkan, etí ọ̀hún ò sì nípọn ju bébà lọ. Etí yẹn ló kọ́kọ́ gbẹ. Ó mọ́ gaara, ó tàn yín jẹ, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ omi tó kù láàárín.

Lẹ́yìn náà lẹ wá gbé grout dé. Sìmẹ́ǹtì kíkúnná ni grout, omi la fi ń pò ó, omi náà la sì fi ń nu ojú rẹ̀ léraléra. Gbogbo àlàfo yín ló kún fún omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, gọ́ọ̀mù tí kò tíì gbẹ dénú sì mu ún padà. Ó wú, ó funfun, agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìdí tí ègé méjì yẹn fi ṣí nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì wà lára èyí tó fẹ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, tàbí kí ọ̀rá ìka ti wà lábẹ́ wọn. Ìwọ̀n tí èmi ń lò ni pé, ègé tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, mo máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí grout tó kàn án. Èyí tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, mi ò kúkú fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ ẹ́ mọ́, torí mo ti fi oṣù kan gbáko dúró de irú rẹ̀ rí, tí àárín rẹ̀ ṣì tutù.

Silicone ní ìwà tirẹ̀. Òun kì í lé omi jáde, ńṣe ló ń wá a: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló fi ń le. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń rùn bí ọtí kíkan, àmì pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20, ojú rẹ̀ á ti di awọ, àwọn èèyàn á sì rò pé ó ti tán. Awọ lásán ni. Láti etí wọ inú, kì í ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 lọ lójúmọ́ kan, bó sì ṣe ń wọnú sí i ló ń falẹ̀ sí i. Ẹ wá ṣírò ègé tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Láti etí dé àárín jẹ́ mìlímítà 20. Ọ̀sẹ̀ kan ló kéré jù, ó sì lè ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ dáadáa.

Mo ti jẹ nínú ìyà ohun tí mò ń sọ yìí. Ó ní iṣẹ́ kan tí mo fi silicone lẹ ègé ńláńlá sí, òdòdó pupa kan báyìí. Wákàtí 24 ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀, mo sì gbé iṣẹ́ náà nàró lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó máa fi di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ewé òdòdó kan ti rọra yọ̀ wálẹ̀ tó fífẹ̀ ìka kan, ó sì lẹ̀ síbẹ̀ digbí, kò ṣeé gbé padà. Ẹni tó ni iṣẹ́ rò pé bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, mi ò sì jiyàn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n kọ sára ike o. Wákàtí 24 yẹn, ti silicone tó wà níta gbangba ni, kì í ṣe ti èyí tí gíláàsì bò mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Ẹ̀kán kan, bí ẹyọ ẹ̀wà, láàárín ègé náà, kẹ́ ẹ wá rọra tẹ̀ ẹ́ títí tí silicone á fi ràn dé etí. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe máa ń sá jáde níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fà á ní ìlà-ìlà ti sé afẹ́fẹ́ mọ́ àárín àwọn ìlà náà nìyẹn. Èyí tó bá yọ gòkè sínú àlàfo, ẹ má fi àkísà nù ún nígbà tó ṣì tutù, ńṣe lẹ máa fi pa gbogbo ojú gíláàsì. Ẹ jẹ́ kó le tán, kẹ́ ẹ fi abẹ gé e kúrò, torí grout kì í lẹ̀ mọ́ silicone láé.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ́lẹ̀ máa ń yí ìrìn padà bó bá ti inú nǹkan kan bọ́ sínú òmíràn. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìyẹn: ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 1, ti omi 1.33, ti gíláàsì fèrèsé tó nǹkan bíi 1.52. Gọ́ọ̀mù funfun tó ti gbẹ wà nítòsí 1.47, silicone nítòsí 1.41, epoxy nítòsí 1.55. Bí nọ́ńbà méjì bá ṣe súnmọ́ra tó ni ojú kì í fi í rí ààlà tó wà láàárín wọn. Gíláàsì àti gọ́ọ̀mù súnmọ́ra, ìmọ́lẹ̀ á kàn kọjá bí ẹni pé ara kan náà ni wọ́n. Gíláàsì àti afẹ́fẹ́ jìnnà síra, ní ojú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì ti pàdé, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló máa ń ta padà. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ ègé fi ń dán bí fàdákà. Gọ́ọ̀mù tó mu omi ńkọ́? Omi ti wọ inú rẹ̀ ní ẹ̀kán kéékèèké tí ojú ò lè rí, nọ́ńbà tiwọn yàtọ̀ sí ti gọ́ọ̀mù, ìmọ́lẹ̀ sì ń fọ́nká láàárín wọn bó ṣe ń fọ́nká nínú kùrukùru. Ojú wa á pe ìyẹn ní funfun. Bí omi náà bá jáde, kò sí ohun tó máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká mọ́. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo ní ẹ má tíì fi ọ̀bẹ kàn án.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló dé tí mo fi máa ń kọ ojú gíláàsì tó bá rí gbágungbàgun sókè. Bí ẹ bá dà á dojú bolẹ̀, gbogbo kòtò ara rẹ̀ á kún fún gọ́ọ̀mù, àrà tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á á sì pòórá, bí ìgbà tí èèyàn da omi sójú gíláàsì tí wọ́n ha kó má baà ṣeé wò kọjá. Kòtò tí gọ́ọ̀mù ò bá sì dé, afẹ́fẹ́ ló máa gbà á.

Epoxy kì í dúró de afẹ́fẹ́, kì í dúró de omi. Ohun méjì tí ẹ pò pọ̀ ló ń di ara wọn mú, nítorí náà bí ègé fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, àárín àti etí rẹ̀ á jọ le papọ̀ ni. Ní ti èyí, òun ni ọ̀gá wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kẹ́ ẹ lò ó, ṣé ó sọ ìyókù? Bí ìwọ̀n ohun méjèèjì ò bá pé, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí ayé. Bí ẹ bá yára rò ó, á kún fún ìhó. Oòrùn á máa sọ ọ́ di yẹ́lò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n máa ń fi ohun tó ń fa ìyẹn sẹ́yìn sínú àwọn kan, kò dúró pátápátá. Lábẹ́ gíláàsì pupa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lábẹ́ búlúù, á fẹ́ di àwọ̀ ewé, lábẹ́ gíláàsì tí kò láwọ̀, á dà bí eyín tí wọn ò fọ̀. Ara àwọn kan sì máa ń kọ̀ ọ́, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún èèyàn, kì í sábà dẹ́kun mọ́ nígbàkígbà tó bá tún fọwọ́ kàn án. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé.

Gọ́ọ̀mù tí ìtànṣán ultraviolet, ìyẹn ìtànṣán tí ojú ò lè rí, ń mú le náà wà. Ó mọ́, ó yá, ó wọ́n. Gíláàsì pupa àti èyí tó rí bí oyin kì í sábà jẹ́ kí ìtànṣán yẹn kọjá, nítorí náà ẹ dà á dojú dé, kẹ́ ẹ tan iná rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń bínú sí gọ́ọ̀mù yìí, òkè ni wọ́n ti ń tan iná sí i.

Lójú tèmi, bí ègé bá kéré, tí iṣẹ́ náà ò sì ní fojú kan omi mọ́ láé, kò sí ohun tó ṣe gọ́ọ̀mù funfun bí onísùúrù bá ni olúwarẹ̀. Bó bá jẹ́ fèrèsé gidi tí ìrì àti oru máa ń bà lé, silicone ni. Bí ègé bá fẹ̀, tí oòrùn ò sì pọ̀ níbẹ̀, epoxy. Silicone ni mo ń mú nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, kì í ṣe pé ó mọ́ ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ ó ń rọ̀ bíi rọ́bà. Bí oòrùn bá mú gíláàsì tó ń ràn, silicone á bá a ràn.

Ẹ wò ó, àwọn tó ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì Sainte-Chapelle ní Paris ní ọ̀rúndún kẹtàlá kò ní ìyọnu yìí. Òjé ni wọ́n fi di etí ègé kọ̀ọ̀kan mú. Àwa tó gbójú lé gọ́ọ̀mù nìkan, ọmọ àná ni wá: ní àwọn ọdún 1930 ni Jean Crotti, ayàwòrán kan ní ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í to gíláàsì aláwọ̀ lérí ara wọn láìsí òjé, kí iná lè tàn gbà wọ́n kọjá. Ní àwọn ọdún 1950, Picasso tó jẹ́ ayàwòrán àti Jean Cocteau tó jẹ́ akéwì náà ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku àwọ̀ tó ṣú. Gíláàsì aláwọ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Èyí kan mọ́ gaara, ẹ lè fi wo òdìkejì. Èyí kejì dà bí ẹni pé wọ́n da wàrà sí i nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ. Lórí tábìlì, oníwàrà ló máa ń dán jù, torí ìmọ́lẹ̀ inú yàrá ń bà lé e, ó sì ń ta padà sójú yín. Èyí tó mọ́ gaara á dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òkúta tó tutù. Ẹ gbé méjèèjì sójú ọ̀run, ipò wọn á yí padà: èyí tó dákẹ́ á jí, oníwàrà á di aṣọ ìkélé. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀ sínú iṣẹ́ kan láìmọ̀, èyí tó mọ́ á tún sọ ìkejì di òkùnkùn ju bó ṣe wà lọ, torí ojú ń fi wọ́n wéra. Mo fura pé fọ́tò orí tábìlì tí ẹ ń yà yẹn ló darí ọwọ́ yín nígbà tí ẹ ń yan àwọ̀. Oníwàrà kì í ṣe gíláàsì burúkú, àní bó bá jẹ́ iná ló máa wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, òun ni mo máa yàn, torí kì í jẹ́ kí èèyàn rí gílóòbù. Fún fèrèsé, ẹ na ègé kọ̀ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀ kó tó kan gọ́ọ̀mù, tàbí kẹ́ ẹ gbé gíláàsì ìpìlẹ̀ lé orí àpótí tí iná wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Grout náà jẹ̀bi. Ìmọ́lẹ̀ ò lè gbà á kọjá, ì báà funfun bí ẹfun. Ẹ ṣírò rẹ̀: ègé onísẹ̀ǹtímítà 1 tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2, nǹkan bí ìdá 31 nínú 100 ojú iṣẹ́ náà ló ti di ògiri. Bí ègé bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 pẹ̀lú àlàfo kan náà, ó wálẹ̀ sí ìdá 12. Ègé kéékèèké rẹwà, àmọ́ owó orí rẹ̀ pọ̀. Àwọn èèyàn máa ń fi grout funfun sí i kó lè mọ́lẹ̀. Lójú fèrèsé lọ́sàn-án, dúdú ló máa rí, nígbà tó bá sì dalẹ̀, iná inú yàrá á bà lé e, àwọ̀n funfun nìkan lẹ máa rí, gíláàsì á sá pamọ́. Dúdú tàbí eérú ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ má sì lo oníyanrìn, torí yanrìn ń ha gíláàsì.

Ní ti gíláàsì ìpìlẹ̀, mìlímítà kọ̀ọ̀kan nínípọn rẹ̀ wọn kílò 2.5 fún mítà kan níbùú lóròó. Ìpìlẹ̀ oní-mìlímítà 4 àti ègé oní-mìlímítà 3 ti di kílò 17.5 kí grout tó dé, nítorí náà ẹ má fi ìṣó tí wọ́n fi ń kọ́ fọ́tò kọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ lo ike tó mọ́ bíi gíláàsì torí ó fúyẹ́, ike yẹn máa ń ràn tó ìlọ́po méje tàbí mẹ́jọ ti gíláàsì bí ooru bá mú un. Grout á là. Ẹ má sì lẹ mòsáíìkì náà tààrà mọ́ fèrèsé onígíláàsì méjì tó ti wà lára ilé. Àwọ̀ tó dúdú ń mu ooru oòrùn, ibì kan á gbóná, ibì kan á tutù, gíláàsì náà lè sán.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ẹ gbé e nàró síbi tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí ojú méjèèjì rẹ̀ rí afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ní báyìí tí grout ti dí gbogbo etí, inú ihò wẹ́wẹ́ ara grout nìkan ni omi lè gbà jáde, kò ní yá. Ẹ má gbé e sínú oòrùn líle pé kó lè tètè gbẹ. Èyí tó kéré máa mọ́ padà, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú èyí tó fẹ̀, àwọn kan á mọ́, àwọn kan á fi ojú kan funfun sílẹ̀ láàárín bí ojú tó ní kátárátì, mi ò sì ní ọgbọ́n kankan fún ìyẹn ju kí ẹ yọ wọ́n lọ. Ẹ ha grout yí wọn ká, ẹ fi àkísà tó rin gbingbin fún omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bò wọ́n mọ́jú, kẹ́ ẹ wá fi ike pẹlẹbẹ gbé wọn. Omi gbígbóná kọ́ o, á là á. Ẹ wọ awò ojú, kẹ́ ẹ máa fi omi rin ibi tí ẹ ń ha kí eruku rẹ̀ má baà wọ inú yín. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ fi òwú àti spírítì nu ojú méjèèjì, kẹ́ ẹ fi silicone dá wọn padà, ẹ má sì fi ìka kan ibi tí ẹ ti nù.

Àwọ̀ tó ṣú, kò sí gbígbẹ tó lè wò ó sàn. Àfi kí ẹ pààrọ̀ oníwàrà tó bá dí ojú iṣẹ́ náà jù, nígbà tí ẹ bá ń yọ èyí tó funfun lọ́wọ́, tàbí kí ẹ gbà pé fèrèsé kọ́ ni ibùgbé rẹ̀, kẹ́ ẹ fi iná sẹ́yìn rẹ̀ lára ògiri. Kí ẹ tó yàn, ẹ dúró títí á fi dalẹ̀, kẹ́ ẹ gbé àtùpà sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, kẹ́ ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ wò ó.